ÀRÒKỌ AṢÀLÀYÉ: BÍ A ṢE Ń YAN AKOTO FÚN ẸNI TÍ Ń GUN ALÙPÙPÙ

Irú àròkọ tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí ni àròkọ aṣàlàyé. Kò ṣòro láti kọ bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mọ ohun tí ó ń sọ, ṣùgbọ́n òun náà ni ó ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn tí kì í ka ìbéèrè dé ìsàlẹ̀. Wo ìbéèrè yìí dáadáa:

‘Ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè yan akoto tí yóò dáàbò bo orí rẹ̀ nígbà tí ó bá ń gun alùpùpù.’

Ọ̀rọ̀ tí ó gbé ìbéèrè yìí ró ni ‘yan’. Bí mo bá fún 40 akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ yìí, mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wọn yóò sáré kọ nípa ìjàǹbá ọkọ̀, nípa àwọn olè tí ń fi ọ̀kadà jalè, tàbí nípa ọ̀nà tí kò dára. Àwọn mìíràn yóò bẹ ìjọba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí èyí tí a béèrè nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tí olùdánwò fẹ́ mọ̀ ni pé bí ìwọ bá dé iwájú ìsọ̀, tí akoto 20 wà níwájú rẹ, èwo ni ìwọ yóò mú, kí sì ni ìdí rẹ̀?

Àṣìṣe kejì ni kí a máa to òwe jọ bí ẹni ń to igi ìdáná. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé kò nílò ẹṣin mẹ́wàá. Nínú àròkọ aṣàlàyé, ohun tí o mọ̀ nípa nǹkan náà ni ó ń gba máàkì. Bí o kò bá tí ì fọwọ́ kan akoto rí, lọ bá ọlọ́kadà àdúgbò yín, kí o gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o wo inú rẹ̀.

Kí o tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ṣe ìlapa èrò rẹ. Nínú àpẹẹrẹ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí, a kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan ẹni tí ń kọ ọ́. A wá ṣàlàyé iṣẹ́ tí akoto ń ṣe, nítorí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ohun èlò kan kò lè yàn án. Lẹ́yìn náà ni a bọ́ sí inú akoto, àmì rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, okùn rẹ̀ àti ti ẹni tí a gbé sẹ́yìn. A jẹ́ kí tiwa gùn ju èyí tí ìwọ yóò kọ nínú ìdánwò lọ, kí o lè rí ohun mú nínú rẹ̀.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jẹ́ káfíńtà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí ó ti ń gun alùpùpù rẹ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ewúrẹ́ kan sá já títì, ó yà fún un, ó sì ṣubú. Kò sáré. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ sọ pé ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ ìbá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Akoto sì wà ní orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé akoto náà wò lẹ́yìn náà, a rí i pé ike lásán ni, tí wọ́n fi fóòmù rírọ̀ pẹlẹbẹ kan tẹ́ inú rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn tẹ́ aṣọ sínú agbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi kò kú. Ó ń jẹun, ó ń rìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí ó bá fẹ́ béèrè ayùn, òòlù ni yóò pè. Bí a bá sì gbé òòlù fún un, yóò wò ó títí, omi yóò sì bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo inú akoto ẹnikẹ́ni tí mo bá rí, ohun tí mo sì ti kọ́ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń gun alùpùpù àti ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọ̀kadà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé líle akoto ni ó ń gba ni là. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ ènìyàn jẹ́ ohun rírọ̀ tí omi díẹ̀ yí ká nínú agbárí. Bí orí bá ń lọ tí ó sì dúró lójijì, ọpọlọ kò tètè mọ̀ pé a ti dúró. Yóò máa bá eré rẹ̀ lọ títí yóò fi kọlu agbárí láti inú. Ẹ wo ẹni tí ó já bọ́ láti orí igi sórí ebè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ: ó lè dìde, kí ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ nù lára. Ẹni tí ó já láti ibi kan náà sórí àpáta lè má dìde mọ́. Gíga kan náà ni wọ́n ti já, eré kan náà ni wọ́n fi kanlẹ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ebè rì díẹ̀ kí ó tó dá ẹni náà dúró. Akoto tí ó dára ni ebè tí a gbé ká orí.

Ohun tí ń rì nínú akoto ni fóòmù líle kan tí ó wà lábẹ́ èèpo òde. Ẹbí kan náà ni òun àti kinní funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n nínú páálí kí ó má baà fọ́, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ki jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí orí bá kanlẹ̀, fóòmù yìí yóò rún, rírún rẹ̀ ni yóò sì gba agbára tí ìbá lọ sínú ọpọlọ. Èèpo òde ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó ń tan ìkọlù náà ká, kò jẹ́ kí òkúta ṣóńṣó gún orí, ó sì ń jẹ́ kí orí yọ̀ lórí títì dípò kí ó há. Aṣọ múlọ́múlọ́ tí ó kan irun wa, ti ìdẹ̀ra ni. Kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun kì í sáré. Orí tí ó bá já láti ibi tí ó ga ní mítà 2 yóò ti máa fi eré bíi kìlómítà 22 ní wákàtí kan lọ kí ó tó kanlẹ̀, ìbáà jẹ́ pé alùpùpù náà dúró sójú kan.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, T. E. Lawrence, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ilẹ̀ Lárúbáwá nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ń gun alùpùpù lọ ní Dorset. Ó yà fún àwọn ọmọdékùnrin méjì tí wọ́n wà lórí kẹ̀kẹ́, ó sì ṣubú. Kò dé akoto. Ó kú lẹ́yìn ọjọ́ 6. Dókítà onímọ̀ ọpọlọ kan, Hugh Cairns, wà lára àwọn tí wọ́n pè sí i. Ikú náà kò kúrò lọ́kàn dókítà yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí, nígbà tí ó sì di 1941 ó kọ̀wé jáde láti fi hàn bí akoto ti ń gba orí àwọn tí ń gun alùpùpù là. Síbẹ̀, ọdún 1973 ni òfin tó mú gbogbo ẹni tí ń gun alùpùpù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé e. Ní 2008, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 61 jọ láti ibi púpọ̀ ní ayé, wọ́n sì rí i pé akoto ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ewu kí orí ṣèṣe kù ní ìdá 69.

Ní ilẹ̀ wa, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí kò dé akoto láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2009. A kò gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn kan gbé igbá dé orí, àwọn kan dé ike ọ̀dà, àwọn kan so ìkòkò mọ́ àgbọ̀n, kí ẹ̀ṣọ́ má baà mú wọn. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín sí wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ, kí n tó rí i pé èyí tí ẹ̀gbọ́n mi dé kò sàn ju igbá lọ. Igbá kò tilẹ̀ tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ má kọ́kọ́ wo àwọ̀. Ẹ yí akoto náà padà, kí ẹ wo inú rẹ̀. Ẹ sọ fún ọlọ́jà pé, ‘Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ká aṣọ inú rẹ̀ díẹ̀.’ Lábẹ́ aṣọ náà, ó yẹ kí ẹ bá fóòmù líle tí ó nípọn tó ínǹṣì 1, èyí ni nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2½, tí ó sì yí orí ká láti iwájú dé ẹ̀yìn àti sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá rì bí bẹ́ẹ̀dì tí ìka yín sì kan ike, ẹ dá a padà. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan lábẹ́ aṣọ ju ike lọ, ẹ má dúró ná an. Ẹ gbé e sọ́wọ́ pẹ̀lú: akoto gidi tí ó bo etí máa ń tó kílò 1 àti ààbọ̀ tàbí kí ó dín díẹ̀. Èyí tí kò tó ìdajì kílò kò lè ní ohun tí a ń wí yìí nínú.

Bákan náà ni kí ẹ ṣọ́ra fún akoto tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ mìíràn. Akoto àwọn tí ń kọ́lé wà fún bíríkì tí ó lè já láti òkè. Kò sí fóòmù ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì ṣí kúrò kí orí tó kanlẹ̀. Akoto kẹ̀kẹ́ ológeere, èyí tí ó ní ihò púpọ̀ tí ó sì fúyẹ́, dára fún kẹ̀kẹ́. Wọn kò ṣe é fún eré alùpùpù. Èyí tí ó sì dà bí abọ́ tí a dojú rẹ̀ dé, tí kò bo etí àti ìpàkọ́, kò tó. Àwọn onílé-olóoru bíi tiwa kì í fẹ́ èyí tí ó bo gbogbo ojú nítorí ooru, n kò sì bá wọn jà, ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé àgbọ̀n àti ojú wà lára ibi tí ó sábà máa ń kanlẹ̀. Ẹni tí ó bá lè fara da ooru, kí ó mú èyí tí ó bo àgbọ̀n. Ẹni tí kò bá lè fara dà á, ó kéré tán, kí etí àti ìpàkọ́ rẹ̀ wà nínú ilé.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá àmì. Akoto tí wọ́n yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ Yúróòpù máa ń ní lẹ́tà E àti nọ́ńbà kan nínú àmì róbótó, wọ́n sì máa ń rán an mọ́ okùn àgbọ̀n. Nọ́ńbà náà ń tọ́ka sí ilẹ̀ tí ó fọwọ́ sí i: 1 ni Jámánì, 2 ni Faransé, 3 ni Ítálì. Ti Amẹ́ríkà ni DOT tí wọ́n ń fi sí ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àwọn ayédèrú ń tẹ sítíkà bí ẹni ń tẹ káàdì ìgbéyàwó. Mo ti rí ike tí kò ní fóòmù kankan tí wọ́n lẹ DOT mọ́ gàdàgbà. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ẹ wo inú ná kí ẹ tó wo àmì. Àmì tí wọ́n rán mọ́ okùn, tí nọ́ńbà kíkún tẹ̀ lé, sàn ju èyí tí èékánná lè ṣí lọ.

Akoto tí ó dára tí kò bá orí mu, asán ni. Ẹ fi téèpù aránṣọ wọn orí yín yíká, ní nǹkan bí ínǹṣì 1 sí òkè irun ojú, kí ẹ sì fi ìwọ̀n náà wá akoto. Nígbà tí ẹ bá dé e, ó yẹ kí ó fún díẹ̀, kí ó sì ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín sókè. Ẹ di akoto mú, kí ẹ mi í sọ́tùn-ún sósì: awọ iwájú orí yín gbọ́dọ̀ bá a lọ. Bí akoto bá ń yí tí awọ dúró, ó tóbi jù. Ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó sanwó. Fífún yíká kò burú, ṣùgbọ́n bí ó bá ń dun yín ní ojú kan ṣoṣo, kì í ṣe irú orí yín ni wọ́n ṣe é fún.

Wàyí o, ẹ de okùn rẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n, kí ìka méjì péré lè wọ àárín. Ẹ na ọwọ́ sẹ́yìn, ẹ di etí akoto mú níbi ìpàkọ́, kí ẹ fà á sókè síwájú bí ẹni fẹ́ ṣí i kúrò. Bí ó bá ṣí, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó, ẹ gbé e fún ọlọ́jà. Ọlọ́jà lè bínú. Ẹ jẹ́ kí ó bínú. Kì í ṣe òun ni yóò máa béèrè ayùn tí yóò máa pe òòlù.

Tòkunbọ̀ ń kọ́? A ń ra bàtà, a ń ra fìríìjì, a ń ra ọkọ̀ ní tòkunbọ̀, wọ́n sì ń wúlò. Akoto yàtọ̀. Fóòmù tí ó bá ti rún lẹ́ẹ̀kan kò tún lè rún mọ́, bẹ́ẹ̀ ni èèpo òde lè máa dán gbinrin tí inú ti bàjẹ́. Ẹni tí ó tà á kò ní sọ fún yín pé òun ti fi ṣubú rí. Ìdí kan náà ni ó mú kí a máa pààrọ̀ akoto lẹ́yìn ìṣubú, ìbáà jẹ́ pé a kò rí ojú ibi tí ó sán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni ti ẹni tí a gbé sẹ́yìn. Bí ọlọ́kadà bá ní akoto méjì, èyí tí ó bàjẹ́ ni ó máa ń kó fún èrò, tí yóò sì máa fi kọ́ ọwọ́ alùpùpù títí tí ó bá fi rí ẹ̀ṣọ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn ìyá wa kò fẹ́ dé e nítorí gèlè àti irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù oògùn tàbí èélá láti orí ẹlòmíràn. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí oògùn. Ti èélá, aṣọ tín-ín-rín kan tí a fọ̀ tí a sì fi bo irun yóò ṣe é. Ṣùgbọ́n gèlè gbọ́dọ̀ bọ́ sínú báàgì, nítorí akoto tí ó bá jókòó lórí gèlè kò jókòó lórí orí. Ẹni tí ń wọ ọ̀kadà lójoojúmọ́, kí ó ra tirẹ̀. Ti ọmọdé, kí ó jẹ́ ìwọ̀n ọmọdé. Ti bàbá rẹ̀ yóò yí bò ó lójú, kò sì ní dúró ní ọjọ́ ìṣubú.

Nígbà tí ẹ bá gbé e délé, ẹ má ṣe fi bẹntiróòlù nu ún, ẹ má sì jẹ́ kí oníkíkùn kun ọ̀dà sí i lára. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kí ó kán bẹntiróòlù sórí kinní funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n, kí ó wò ó bí yóò ti yọ́ lójú rẹ̀. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó.

ÀKÍYÈSÍ LÓRÍ ÀRÒKỌ YÌÍ

Ṣé o rí i pé ìtàn ẹ̀gbọ́n kò ju ìpínrọ̀ kan lọ? Bí òǹkọ̀wé bá tẹ̀ síwájú láti sọ bí wọ́n ti gbé e dé ilé ìwòsàn, ohun tí dókítà wí àti bí ìyá wọn ti sunkún, àròkọ asọ̀tàn ni ìbá dà, máàkì ìbá sì lọ. Ó sọ ìwọ̀nba, ó sì padà sí i lẹ́ẹ̀mejì péré níbi tí ó wúlò.

Kíyè sí ‘ẹ’ àti ‘yín’ tí ó lò. Nínú ìwé yìí èmi ń pè ọ́ ní ‘ìwọ’ nítorí pé olùkọ́ ni mo jẹ́ sí ọ, ṣùgbọ́n ìwọ kò mọ ọjọ́ orí ẹni tí yóò ka àròkọ rẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ‘fi ìka rẹ tẹ̀ ẹ́’ sí olùdánwò ti ṣe àfojúdi láì mọ̀.

Wo ọ̀rọ̀ àyálò bíi fóòmù, téèpù àti sítíkà pẹ̀lú. Orúkọ tí a ń pè wọ́n ní ìsọ̀ nìyẹn, a sì kọ wọ́n ní ìlànà àkọtọ́ Yorùbá. Má ṣe dá ọ̀rọ̀ gígùn kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí sílẹ̀ láti fi pe sítíkà.

Ìpínrọ̀ lórí Lawrence dára, ṣùgbọ́n bí àkókò bá ń lọ, òun ni èmi ìbá kọ́kọ́ yọ. Ìpínrọ̀ orí ìwọ̀n àti ti okùn ni a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Àléébù kan sì wà: òǹkọ̀wé kò sọ nǹkan kan nípa gíláàsì iwájú. Ó yẹ kí ó sọ pé èyí tí ó dúdú kò yẹ fún òru, èyí tí ó sì ti họ máa ń mú kí iná ọkọ̀ tí ń bọ̀ tàn ká ojú ẹni.

IṢẸ́ ṢÍṢE

Fi ìpínrọ̀ kan kún àròkọ òkè yìí lórí gíláàsì iwájú, kí o sì sọ ibi tí ìwọ yóò fi sí àti ìdí tí o fi yan ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ṣe ìlapa èrò fún ọ̀kan nínú orí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: bí a ṣe ń yan táyà fún ọkọ̀, bí a ṣe ń mọ oògùn ayédèrú, bí a ṣe ń yan kẹ̀kẹ́ fún ọmọ tí yóò máa gùn ún lọ sí ilé-ìwé.